Bí mo ṣe jí Honda CG125 àtijọ́ dìde ní Kubwa

Ọ̀kadà CG125 tí mo rà lọ́wọ́ bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ti pẹ́ ní Kàdúná, ti ayé ọjọ́un gan-an ni, èyí tó ń lo kọ́ńtáàtì (irin kékeré méjì tó ń là tó ń pàdé kí púlọ́ọ̀gì lè ta iná) àti bátìrì 6 volt. Ó ti wà nínú yàrá ẹrù tipẹ́, eruku ọyẹ́ bò ó, àmọ́ bí mo ṣe tẹ kíìkì wò mo rí i pé ẹ́ńjìnì ò há, ni mo bá sanwó. Ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò nìyẹn o, ọ̀dà tó ti ṣí ò tó nǹkan, ẹ́ńjìnì tó ti há ló ń jẹ owó.

Nígbà tí Honda gbé CG jáde ní 1976, pushrod, ìyẹn ọ̀pá irin tó ń bá wọn ṣí fáàfù, ni wọ́n lò, wọn ò fi ṣéènì kámú sínú ẹ̀ rárá, kó lè gba ìyà lọ́wọ́ àwọn tí kì í tètè ṣe sáfíìsì. Àwọn Ṣáínà ti wá kọ́pì ẹ́ńjìnì yẹn káàkiri, ìdí nìyẹn tí pááti ẹ̀ ò fi wọ́n, ẹ dé Zuba ẹ ó rí i rà. Pé pááti wà ò wá ní kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ gbogbo nǹkan. Lójú tèmi, kábúrétọ̀ ògidì tí wọ́n fọ̀ dáadáa sàn ju tuntun inú páálí lọ fíìfíì.

Táńkì ti dógùn-ún nínú. Mo da nọ́ọ̀tì kéékèèké àti kẹrosíìnì sí i, mo mì ín títí apá fi ń ro mí, mo dà á nù, mo tún un ṣe títí ó fi mọ́.

Kábúrétọ̀ gan-an niṣẹ́ wà. Kí n tó tú síkírù atẹ́gùn, mo kọ́kọ́ yí i wọlé pẹ̀lẹ́, mò ń ka iye ìgbà tó yí kó tó kan ìdí, kí n lè dá a padà síbi tó wà. Epo tó ti gbẹ sínú ẹ̀ ti di bí oje igi, ó dí jẹ́ẹ̀tì kékeré, ihò tí epo ń gbà kí ẹ́ńjìnì má bàa kú téèyàn ò bá fún un níná. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi abẹ́rẹ́ gún un láéláé, idẹ ni, ó rọ̀, abẹ́rẹ́ á mú ihò yẹn fẹ̀, epo á wá pọ̀ jù, púlọ́ọ̀gì á máa dú. Fọ́nrán bàbà kan ṣoṣo tí mo yọ nínú wáyà iná ni mo lò pẹ̀lú pẹtiróòlù, mo wá gbé e lọ bá àwọn fọkanáísà kí wọ́n fi kọ̀mpírẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ. Nígbà tí mo gbé e sójú oòrùn tí ìmọ́lẹ̀ là á já, inú mi dùn gan.

Kọ́ńtáàtì ló kàn. Mẹkáníkì ìwòyí á ní kẹ́ ẹ yọ ọ́ kẹ́ ẹ fi CDI, ẹ̀rọ iná tí ò lo kọ́ńtáàtì, sí i, lóòótọ́ CDI ò ní wàhálà, àmọ́ mo fẹ́ kó wà bí wọ́n ṣe ṣe é. Mo fi sáńpépà tó kúnná rà á lójú, mo nù ún, mo fi feeler gauge, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo, ṣe àlàfo ẹ̀ sí 0.35mm, torí àárín 0.3 sí 0.4 ni wọ́n fẹ́. Lẹ́yìn náà ni táímìn, ìyẹn àsìkò tí púlọ́ọ̀gì ń ta iná: mo yí mágínẹ́ẹ̀tì títí àmì F fi ko àmì ara ẹ́ńjìnì, ibẹ̀ gan-an ni kọ́ńtáàtì gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í là. Tó bá tètè là, kíìkì á máa ta èèyàn lẹ́sẹ̀, tó bá pẹ́, ẹ́ńjìnì á gbóná, ò sì ní lágbára.

Tápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àlàfo orí fáàfù, yá, 0.08mm ni ti fáàfù méjèèjì nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù.

Ibi tí ọ̀pọ̀ mẹkáníkì kì í dé ni fílítà ọ́ìlì tó ń yí lápá ọ̀tún, lẹ́yìn ìbòrí kíláàṣì, wọ́n á kàn máa pààrọ̀ ọ́ìlì ṣáá. Nígbà tí mo ṣí tèmi, ẹrẹ̀ dúdú ló kún ibẹ̀, àánú ẹ́ńjìnì yẹn ṣe mí.

Mo kán ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò púlọ́ọ̀gì, mo rọra tẹ kíìkì láìsí púlọ́ọ̀gì kí ríìngì lè rin, kí n tó wá dá púlọ́ọ̀gì padà. Nígbà tó gbà, èéfín kọ́kọ́ bo gbogbo ibẹ̀, ọ́ìlì tí mo kán sí i ló ń jó, kò pẹ́ tó fi mọ́. Ọ̀nà Kubwa sí Bwari ni mo ń gbé e gbà báyìí, torí láti 2006 ni wọn ò ti fẹ́ ọ̀kadà nínú ìgboro Abuja, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣì mí mú. Mi ò ní jẹ́ kí ọ́ìlì àkọ́kọ́ yìí pẹ́ nínú ẹ̀, ìdọ̀tí àtijọ́ ṣì ń bá a jáde, lẹ́yìn ìyẹn ni màá tú búréèkì ẹ̀yìn.