Bí a ṣe ń tú orin palẹ̀ gbọ́

Ẹni tó bá ti dúró ti àwọn onílù dùndún l'Óṣogbo mọ̀ pé etí lè yọ ìyáàlù sọ́tọ̀ láàárín àwọn ọmele. Orin sítúdíò náà ṣeé tú bẹ́ẹ̀, nítorí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sábà máa ń gba ohùn, jìtá, béèsì àti ìlù sílẹ̀ kí wọ́n tó pò wọ́n pọ̀. Gimme Shelter tí ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì Rolling Stones gbé jáde ní 1969 ni mo fi kọ́ ọ.

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ odindi orin náà lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ gbọ́ sínú ìwé.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ohùn nìkan. Bí ẹ ò bá rí ojúlówó, ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Ultimate Vocal Remover á yọ ọ́ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Àbá ló ń dá o: ìdọ̀tí ìlù á ṣẹ́kù sára ohùn, á dà bí ẹni ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ omi. Ẹ má dá olórin lẹ́bi. Orí yíyọ ohùn yìí ni tèmi wà tí wọ́n fi mú iná lọ l'Ókè-Fìà.

Íàpíìsì ni kí ẹ fi gbọ́ ọ. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò á jẹ béèsì mọ́ sípíkà fóònù lọ́wọ́.

Ibi tí ẹ ó ti pẹ́ jù ni ohùn Merry Clayton, obìnrin tó bá wọn kọ orin náà. Òru ni wọ́n pè é wá sí sítúdíò ní Los Angeles, tòun toyún. Ó ń gbé ohùn lọ sókè, ó ń gbé e lọ, àfi fà-á bí aṣọ tó ya. Ẹ dá a padà, ẹ tún un gbọ́: ẹnì kan pariwo ìyanu lẹ́yìn ibẹ̀. Mick Jagger, olórí akọrin ẹgbẹ́ náà, ni. Wọn ò sì gé e kúrò. Ká ní ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ni, ọ̀gá á ti ní, "Ẹ tún un mú!"

Béèsì nìkan lè sú yín. Ọmele náà nìyẹn; iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ sísọ.

Ní ìparí, ẹ máa dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí ìlù, títí ẹsẹ̀ yín á fi bẹ̀rẹ̀ sí í jó fúnra ẹ̀. Ẹ sàmì sí èyí tó mú un jó, kí ẹ wá ṣí ìwé àkọ́kọ́ yẹn. Nínú tèmi, ibi tí ohùn obìnrin náà ti ya, "jìtá han" ni mo kọ.