Bí A Ṣe Ń Yẹ Ọ̀rọ̀ Wò Nígbà Tí Wọ́n Bá Ní Ewé Kan Ń Wo Jẹjẹrẹ Sàn

Apòògùn ni mí, ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tó ní jẹjẹrẹ. Èmi ni mo máa ń po kẹ́mò, ìyẹn oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, kí àwọn nọ́ọ̀sì tó gbé e lọ fún aláìsàn. Ó ṣọ̀wọ́n kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí ẹbí aláìsàn kan má na fóònù sí mi pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ka eléyìí. Wọ́n ní ewé yìí ń pa jẹjẹrẹ ju kẹ́mò lọ." N kì í lé wọn. Púpọ̀ nínú ohun tí mò ń pò, inú ewéko ló ti wá. A ó jókòó, a ó sì yẹ ọ̀rọ̀ náà wò láti orí dé ìdí. Bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò ni mo kọ síbí, fún ẹni tó ń ṣàìsàn àti ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀.

Ẹ má kọ́kọ́ sọ pé irọ́ ni. Ní 1962, Arthur Barclay, onímọ̀ ewéko tó ń bá ìjọba Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́, bó èèpo igi yew kan tí wọ́n ń pè ní Taxus brevifolia ní ìpínlẹ̀ Washington. Monroe Wall àti Mansukh Wani yọ èròjà tó lágbára nínú èèpo náà, wọ́n sì tẹ bí ó ṣe rí jáde ní 1971. Paclitaxel nìyẹn. Ní 1979, Susan Horwitz fi bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ pín sí méjì, àwọn okùn tín-ín-tín kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń fa ohun tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì lọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Àwọn okùn náà gbọ́dọ̀ lè gùn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ lè tú. Paclitaxel kì í jẹ́ kí wọ́n tú, sẹ́ẹ̀lì náà á wá há sí àárín pípín, á sì kú. December 1992 ni FDA, àjọ tó ń fọwọ́ sí oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí i fún jẹjẹrẹ ilé ẹyin obìnrin. Láti ọjọ́ tí wọ́n bó èèpo yẹn, ọgbọ̀n ọdún ló gbà.

Vincristine àti vinblastine, tí wọ́n wá láti inú òdòdó Catharanthus roseus, ń ṣe òdìkejì rẹ̀: wọn kì í jẹ́ kí okùn náà so rárá. Ìtọ̀ ṣúgà ni Robert Noble àti Charles Beer ń wá oògùn fún ní Kánádà nígbà tí wọ́n ń yẹ òdòdó yìí wò. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ àwọn eku wọn kò lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ wọn, irú èyí tí jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ máa ń mú kó pọ̀ jù, lọ sílẹ̀ gan-an. Ohun tí wọ́n rí yẹn ló jẹ́ kí a ní oògùn tí à ń fún àwọn ọmọdé tó ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ títí di òní. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ewé ò lè ṣe nǹkan kan fún jẹjẹrẹ, kò mọ̀ ọ́n.

Ìbéèrè tí mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé: ibo ni jẹjẹrẹ náà ti kú? Ṣé inú àwo ní yàrá ìwádìí ni, àbí lára eku, àbí lára ènìyàn? Púpọ̀ nínú ohun tí àwọn ènìyàn ń fi ránṣẹ́ síra wọn, inú àwo ló parí sí. Inú àwo kò ṣòro. Bí ẹ bá da ọtí líle tàbí omi iyọ̀ tó pọ̀ jù sórí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, á kú. Sẹ́ẹ̀lì tó dá ṣáṣá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà á kú. Ohun tó ṣòro ni kí èròjà pa èyí tó burú, kó fi èyí tó dára sílẹ̀, nínú ara tí ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ti ń sáré tú u ká tí wọ́n sì ń lé e jáde.

Ẹ lè wá a fúnra yín. Ẹ lọ sí PubMed, tí wọ́n ń kó àwọn ìwé ìwádìí ìṣègùn jọ sí, tàbí ClinicalTrials.gov, tí wọ́n ń kọ àwọn ìdánwò lára ènìyàn sí, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì; ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, kí ẹ tẹ orúkọ ewéko náà tàbí èròjà inú rẹ̀. Bí ẹ bá rí "in vitro", inú àwo ni. Bí ẹ bá rí "mice" tàbí "rats", eku ni. Bí ẹ bá rí "phase 1", wọ́n ṣì ń wá ìwọ̀n tí ara ènìyàn lè gbà ni. "Phase 2" ń wò ó bóyá kókó jẹjẹrẹ ń sún kì. "Phase 3" ló ń fi í wé ìtọ́jú tó ti wà nílẹ̀, èyí sì ni ẹ ń wá. Bí ẹ bá rí ìdánwò tó ń gba aláìsàn lọ́wọ́lọ́wọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde kí ẹ gbé e lọ bá dókítà yín. Bí ewéko kan bá ń wù yín lóòótọ́, inú irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ ti pàdé rẹ̀, níbi tí ẹnìkan ti ń ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ yín.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè pé: èròjà náà ni wọ́n dán wò, àbí ewé tí wọ́n sè? Ibí yìí ni mo máa ń pẹ́ sí jù, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Paclitaxel kì í yòrò nínú omi. Bí ẹnìkan bá se èèpo yew látàárọ̀ ṣúlẹ̀, oògùn tí mò ń pò kọ́ ni yóò rí. Ohun tó wà nínú ewé yew àti kóró inú èso rẹ̀ ni májèlé mìíràn tó lè dá ọkàn dúró. Níbi iṣẹ́ wa, ìwọ̀n paclitaxel tó wọ́pọ̀ ni 175 mg fún mítà onígun mẹ́rin (square metre) kọ̀ọ̀kan ìbú awọ ara; ẹni tí ìbú awọ ara rẹ̀ bá jẹ́ 1.7, nǹkan bí 300 mg ni tirẹ̀, tí yóò kán wọ inú iṣan rẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta. A ó ti kọ́kọ́ fún un ní oògùn tí kò ní jẹ́ kí ara rẹ̀ kọ̀ ọ́. Asẹ́ kékeré kan wà lójú ọ̀nà okùn tí oògùn ń gbà kọjá. Àwọn nọ́ọ̀sì kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Gbogbo ìṣọ́ra yìí, orí èròjà igi kan náà ni. Ta ló ń wọn ìwọ̀n èyí tó wà nínú ìgò tí wọ́n tà fún yín?

Curcumin inú ata ilẹ̀ pupa (turmeric) ní ìṣòro mìíràn. Nínú àwo, ó ń ṣe bẹbẹ. Bí a bá gbé e mì, ìfun kì í gbà á dáadáa, ẹ̀dọ̀ sì ń yí èyí tó bá wọlé padà kíákíá, débi pé díẹ̀ ló ń dé inú ẹ̀jẹ̀.

Kódà èròjà tó bá dé inú ẹ̀jẹ̀ lè má tíì ṣeé lò. Wall àti Wani kan náà ló yọ camptothecin láti ara igi Ṣáínà kan, wọ́n sì kéde rẹ̀ ní 1966. Nígbà tí wọ́n fún ènìyàn, ó ba àpò ìtọ̀ jẹ́, ẹ̀jẹ̀ ń jáde, wọ́n sì dá ìdánwò náà dúró. Wọ́n ní láti tún un ṣe kí a tó rí oògùn jẹjẹrẹ méjì, topotecan àti irinotecan, tí FDA fọwọ́ sí ní 1996.

Ti amygdalin, tí wọ́n ń yọ láti inú kóró èso apricot, kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n dán an wò lára aláìsàn 178, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 1982. Jẹjẹrẹ wọn kò sàn. Sáyánáìdì inú ẹ̀jẹ̀ àwọn mélòó kan sún mọ́ ìwọ̀n tó ń pa ènìyàn. Títí di òní, wọ́n ṣì ń ta á, ó sì ń dùn mí.

Ẹ wá béèrè ohun tí ewé náà yóò ṣe sí oògùn tí ẹ ti ń gbà. Ẹ̀dọ̀ kan náà ló ń tú méjèèjì ká. Ewéko St. John's wort máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Nínú ìwádìí kékeré kan tó jáde ní 2002, ó dín èyí tó ń ṣiṣẹ́ gan-an nínú irinotecan kù pẹ̀lú 42% nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn. Sẹ́ẹ̀lì funfun wọn, tí irinotecan máa ń dín kù, kò sì lọ sílẹ̀ bí ti tẹ́lẹ̀. Ẹ ronú sí i: ara aláìsàn á fúyẹ́, á máa yin ewé náà pé ó ń dáàbò bo òun, bẹ́ẹ̀ sì ni oògùn tó yẹ kó bá jẹjẹrẹ jà ló dín kù. Èyí ni mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má fi bí ara ṣe rí nìkan ṣe ìwọ̀n. Èso grapefruit ń ṣe òdìkejì: ó lè mú kí àwọn kan nínú oògùn oníhóró pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀.

Kí ẹ tó rí dókítà, ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ ń lò sílẹ̀: orúkọ rẹ̀, bóyá ewé ni, egbò ni tàbí èèpo, bí wọ́n ṣe sè é tàbí rẹ ẹ́, ìwọ̀n tí ẹ ń mu, ìgbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé ìgò tàbí àpò rẹ̀ dání. Agbo, tíì, hóró fítámì, gbogbo rẹ̀ ló kàn wá. Bí dókítà kò bá ní àkókò, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ bá apòògùn ẹ̀ka jẹjẹrẹ sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ wa ni. Bí iṣẹ́ abẹ bá ń bọ̀, ẹ sọ fún ẹni tó máa fún yín ní oògùn oorun pẹ̀lú, nítorí àwọn ewéko kan kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì.

Ẹ má torí ewé fi ìtọ́jú sílẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní 2018 ní Amẹ́ríkà wo àwọn aláìsàn 281 tó yan ọ̀nà mìíràn dípò ìtọ́jú ilé ìwòsàn, nígbà tí jẹjẹrẹ wọn kò tíì tàn ká ara. Ewu ikú wọn jẹ́ ìlọ́po méjì àbọ̀ ti àwọn tó gba ìtọ́jú. Ti àwọn tó ní jẹjẹrẹ ọmú ju ìlọ́po márùn-ún lọ. Lára wọn, àwọn kan wà tí oògùn tó wá láti inú igi ì bá ràn lọ́wọ́.

Bí ẹ bá ti ń lo nǹkan kan pẹ̀lú kẹ́mò, tí funfun ojú yín di àwọ̀ ìyeyè, tí ìtọ̀ dúdú, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde níbi tí kò yẹ, ẹ pe ilé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ orúkọ ohun tí ẹ lò. Bí ara yín bá gbóná dé 38°C, ẹ má se agbo ibà, ẹ má sì dúró di ọjọ́ kejì. Ẹ pè wá lóru yẹn náà.