Bẹ́ ẹ ṣe lè wakọ̀ la àwọn páàkì Utah kọjá lóṣù October

Ẹ̀yin èèyàn mi l'Amẹ́ríkà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ wo àwọn àfonífojì olókùúta pupa Utah, October dáa gan-an, oòrùn ti rọlẹ̀, ewé ti ń pọ́n. Ẹ gbéra láti Las Vegas, bíi wákàtí méjì ààbọ̀ lẹ máa fi dé páàkì Zion, àmọ́ aago Utah fi wákàtí kan ṣíwájú o. Tẹ́ ẹ bá máa gun Angels Landing, ìyẹn òkè àpáta gíga kan ní Zion, ẹ ti gba pámíìtì sílẹ̀. Páàkì Bryce Canyon ga ju 2,400 mítà lọ, òtútù ibẹ̀ lálẹ́ kì í ṣe kékeré, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kó súwẹ́tà dání. Ní páàkì Capitol Reef, tí ápù bá ti pọ́n, ẹ lè fọwọ́ ara yín ká a, èmi fẹ́ràn ibẹ̀ jù. Ẹ rọ epo kún táǹkì, ẹ gbé omi púpọ̀. Bójò bá ṣú, kódà lọ́nà jíjìn, ẹ má wọnú àlàfo àpáta tóóró, àgbàrá máa ń ya dé lójijì.