Bí A Ṣe Ń Fi Òwú Kuróṣéè Ṣe Ìṣẹ́tí Ìborùn Aṣọ Òkè

Ìṣẹ́tí tó máa ń sún kì kí Ojúde Ọba tó parí, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló jẹ́ pé ọjà ló ti bàjẹ́, níbi tí wọ́n ti ra òwú.

Òwú kọ́tìnì tó ń dán, nọ́ńbà 10, ni kí ẹ rà, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ kuróṣéè mìlímítà 1.5. Bí nọ́ńbà òwú ṣe ń pọ̀ sí i ló ń tín-ín-rín sí i. Nọ́ńbà 20 lẹ́wà, ṣùgbọ́n aṣọ òkè tó nípọn máa ń gbé e mì. Ẹ fi wúùlù sílẹ̀ fún fìlà ọmọ jòjòló: áyọ́ọ̀nù gbígbóná á tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, kò sì ní dìde mọ́. Òwú ṣáínì, èyí tó ń kọ mànà bí irin, máa ń ya, ó sì ń há sẹ́nu abẹ́rẹ́.

Ní ọjà Òkè-Ajé, ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ gbé òwú jáde síta, kí ẹ gbé e lé aṣọ náà gan-an, torí iná ṣọ́ọ̀bù ń parọ́ àwọ̀. Ẹ tú orí òwú wò. Bí ó bá ya sí wẹ́wẹ́ wàrà, ẹ dá a padà. Ẹ fi aṣọ funfun tútù fún un, pàápàá bó bá jẹ́ pupa tàbí aró, kí ẹ mọ̀ bóyá ó ń ṣí. Bí ó bá jẹ́ ti rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ (ẹgbẹ́ ọjọ́ orí), ẹ ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí àwọ̀ kan náà kì í bára mu bí wọ́n bá pa á láró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Abẹ́rẹ́ kuróṣéè kò lè gún aṣọ òkè láìfa òwú rẹ̀ já. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ ṣẹ́ etí aṣọ po lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ rán an yíká etí ní ìkọ́ ìkọ́, mìlímítà 6 síra wọn. Níbi tí wọ́n ti so ọ̀já méjì pọ̀, ẹ gún un lápá ọ̀tún àti lápá òsì, kì í ṣe lójú ìsopọ̀.

Ká ní etí kan fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60, àlàfo 100 ni ẹ máa rí.

1. Ẹ ṣe síńgù méjì sínú àlàfo kọ̀ọ̀kan, ẹyọ kan péré sí èyí tó kẹ́yìn: ojú 199. (Síńgù: ẹ ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, ẹ fa òwú jáde, ẹ tún fa òwú gba inú ìkọ́ méjèèjì tó wà lórí abẹ́rẹ́.)

2. Ẹ yí i padà. Ṣéènì 1 (ẹ fa òwú gba inú ìkọ́ tó wà lórí abẹ́rẹ́), síńgù 1 sójú àkọ́kọ́. Ẹ fo ojú méjì, ẹ ṣe dọ́bù 5 (ẹ kọ́kọ́ wé òwú mọ́ abẹ́rẹ́, ẹ kì í bọ ojú, ẹ fa òwú jáde, kí ẹ wá fa òwú gba ìkọ́ méjì méjì, lẹ́ẹ̀mejì) sójú kan ṣoṣo, ẹ fo méjì, ẹ ṣe síńgù 1. Abẹ̀bẹ̀ kan nìyẹn. Ẹ máa fo ojú méjì, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lọ dé òpin: abẹ̀bẹ̀ 33 ni yóò jẹ́.

3. Bí ẹ bá fẹ́ ṣónṣó lórí abẹ̀bẹ̀ kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn dọ́bù kẹta, ẹ ṣe ṣéènì 3, kí ẹ so ó mọ́ orí dọ́bù náà. Àwa kì í sábà ṣe é, torí ó ń kọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn.

Kí ẹ má baà ra òwú tí kò ní tó, ẹ ṣe abẹ̀bẹ̀ mẹ́ta, pẹ̀lú ìlà síńgù tó wà nísàlẹ̀ wọn, ẹ tú u, ẹ wọn òwú rẹ̀, ẹ fi mẹ́ta pín in. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 66 fún etí méjèèjì, kí ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún un.

Bí ìṣẹ́tí bá ń ṣẹ́ wálewàle, síńgù ti pọ̀ jù: ẹ padà sí ìlà kìíní, dọ́bù kọ́ ló jẹ̀bi. Bí ó bá ń fa aṣọ jọ, ọwọ́ yín le. Ẹ mú abẹ́rẹ́ 1.75.

Ẹ má so kókó níparí. Ẹ ṣẹ́ òwú kù ní sẹ̀ǹtímítà 15, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ kì í sínú ìlà síńgù, lọ sọ́tùn-ún, padà sósì, kí ẹ tó gé e.

Fífi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́: ẹ̀yìn ni, pẹ̀lú aṣọ tútù láàárín, torí òwú ṣáínì inú aṣọ òkè lè yọ́.