Bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ ara ẹni kọ ohun tí a kà nínú ìwé ẹlòmíràn

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tẹ pírójẹ́ẹ̀tì fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Akọkà, ibì kan náà sì ni gbogbo wọn ti ń ṣubú: wọn kì í fi ọ̀rọ̀ ara wọn kọ ohun tí wọ́n kà.

Ka ojú-ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Kọ orúkọ òǹkọ̀wé, ọdún àti nọ́ńbà ojú-ìwé sínú jọ́tà lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá ní òun ń bọ̀ wá kọ ọ́ kì í rí i mọ́. Jọ́tà tí kò wọ́n ti tó. Bíró pupa ni fún ọ̀rọ̀ tó o bá dà kọ bó ṣe wà, búlúù fún tìrẹ.

Wàyí o, pa ìwé dé. Mo ní pa á dé! Má ṣí i kalẹ̀ sórí fóònù. Bí ojú rẹ bá ṣì wà lára rẹ̀, wàá dà á kọ ni, bó o tiẹ̀ búra. Ká ní ìwé sọ pé:

“Ní oṣù kẹjọ ọdún 1861, Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó sọ Èkó di ti Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn tí ọkọ̀ ogun wọn ti dúró létí omi.”

Ohun táwọn ọmọ máa ń kọ rèé:

“Lóṣù Ògọ́ọ̀sì ọdún 1861, Kábíyèsí Dòsùnmú buwọ́ lu ìwé tó sọ Èkó di ti Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn tí ọkọ̀ ogun wọn ti gúnlẹ̀ sí etíkun.”

Aṣọ ni wọ́n pààrọ̀, egungun rẹ̀ ṣì dúró. Olè náà ni, kódà bó o bá dárúkọ òǹkọ̀wé. Ẹ̀rọ tó ń báni pààrọ̀ ọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló tún burú jù: mo ti rí èyí tó sọ Third Mainland Bridge di “Third Continent Bridge”.

Tèmi ni pé mo máa ń fi Yorùbá sọ ọ́ sínú fóònù, bí ẹni ń ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀ ní ìsọ̀. Inú gosílóò orí afárá ló dáa jù fún un. Bí ẹnu bá ń kọ́ ọ, kò tíì yé ọ. Padà lọ kà á. Bó bá yọ̀ mọ́ ọ lẹ́nu, gbọ́ ohùn rẹ, kó o wá kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tí olùkọ́ ń fẹ́. Tèmi jáde báyìí:

“Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti wà lórí omi Èkó kí Dòsùnmú tó gbà, lóṣù kẹjọ ọdún 1861, pé kí ìlú bọ́ sọ́wọ́ wọn.”

Ṣí ìwé, fi wé e. Ṣé ọdún pé? Ṣé o ò fi tìrẹ bù mọ́ ọn? Orúkọ òǹkọ̀wé ṣì gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e.

Turnitin, ẹ̀rọ tí ilé-ìwé fi ń wò ó bóyá iṣẹ́ rẹ jọ ti ẹlòmíràn, kì í dájọ́ olè. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti jọra ló ń fi hàn, àkójọ ìwé tó o kà sì lè mú kí nọ́ńbà ìjọra tó ń gbé jáde ga. Ibi tó kùn láwọ̀ ni kó o kà.