Bí mo ṣe yan lẹ́tà róbótó tó fì fún káàdì Yorùbá àwọn ọmọdé ní Kubwa

Ìyá kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní Yorùbá ní Kubwa, ní Àbújá níbí, ló gbé iṣẹ́ náà fún mi. Káàdì ni: àwòrán lókè, orúkọ rẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà, gbólóhùn kúkúrú kan nísàlẹ̀. "Bọ̀dá, ẹ bá mi wá lẹ́tà tí ò ní le koko mọ́ àwọn ọmọ," ni wọ́n wí.

Ọkàn mi lọ tààrà sí sans-serif róbótó. Lẹ́tà sans-serif kì í ní ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ tí lẹ́tà ìwé ìròyìn máa ń ní. Bí wọ́n bá tún wá gé igun rẹ̀ kúrò, á dà bí ohun tí ọmọ fi ṣọ́ọ̀kì kọ. Mo fẹ́ kí gbólóhùn ìsàlẹ̀ fì sápá ọ̀tún, kí ọmọ lè rí i pé kì í ṣe ara orúkọ.

Nunito ni mo mú, ìyẹn fọ́ǹtì (àkójọ lẹ́tà fún kọ̀ǹpútà) kan. Vernon Adams ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Jacques Le Bailly fi oríṣiríṣi ìwọ̀n sísanra kún un. Ọ̀fẹ́ ni, àṣẹ rẹ̀ sì gbà wá láàyè láti tún un ṣe. Ó ní fáìlì ìtàlíìkì, ìyẹn lẹ́tà tó fì, tirẹ̀, èyí sì ṣe pàtàkì: bí fọ́ǹtì kò bá ní in, tí ẹ tẹ bọ́tìnì I, kọ̀ǹpútà kàn máa ń ti lẹ́tà ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni, róbótó rẹ̀ á wọ́.

Àmì ló gba àkókò mi jù. Fọ́ǹtì tí wọ́n ṣe fún èdè Vietnam pẹ̀lú á ní ẹ àti ọ, torí àwọn náà ń lò ó. Ṣùgbọ́n wọn kì í lo ṣ, wọn kì í sì í kọ ẹ́ tàbí ọ̀. Nínú Unicode pàápàá, ìyẹn ètò tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, ẹ́ kò ní nọ́ńbà tirẹ̀: ẹ, U+1EB9, la ó kọ, ká tó fi àmì ohùn òkè, U+0301, lé e lórí. Ibi tí àmì náà máa jókòó sí wà lọ́wọ́ ẹni tó ṣe fọ́ǹtì. Nínú ìtàlíìkì, orí lẹ́tà ti lọ sọ́tùn-ún. Àmì gbọ́dọ̀ bá a lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á fẹ̀yìn ti lẹ́tà tó ṣáájú rẹ̀.

Mo tẹ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́, ẹ̀ṣẹ́ àti Ọ̀ṣun, ní ńlá àti ní kékeré. Mo wá ṣí fáìlì náà nínú FontForge, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tún fọ́ǹtì ṣe, mo sún ibi tí àmì ti ń so mọ́ lẹ́tà títí ó fi tẹ́ mi lọ́rùn. Mo yẹ abẹ́ lẹ́tà tó sanra wò dáadáa, kí àmì ibẹ̀ má baà lẹ̀ mọ́ ọn.

Fún orúkọ, àkọlé tàbí gbólóhùn kan, lẹ́tà yìí dùn ún wò gan-an. Odidi ojú ewé rẹ̀ á rẹ ojú, mi ò sì ní fi kọ ìkéde òkú láé. Ó ti túra ká jù.

Mo fi fọ́ǹtì náà sínú PDF kí n tó gbé e lọ sí ilé ìtẹ̀wé ní Utako, torí kò sí lórí kọ̀ǹpútà wọn. Páálí tó nípọn la tẹ̀ ẹ́ sí.