Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Kì Í Dá Rìn: Bí Ẹ Ṣe Lè Máa Fúnra Yín Kọ́ Ọ Lójoojúmọ́

Iṣẹ́ mi ni kí n máa yẹ ìwé táwọn ẹlòmíì fi Gẹ̀ẹ́sì kọ wò, kí n sì tún un ṣe kó tó di títẹ̀. Látàárọ̀ dalẹ́, bírò pupa ló ń wà lọ́wọ́ mi. Ohun tí mo sì ń fà á sí lábẹ́ kì í sábà jẹ́ ọ̀rọ̀ ńlá. Ẹni tó kọ̀wé mọ ọ̀rọ̀ ńlá, nígbà míì ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Àwọn kéékèèké ló ń dà á láàmú: he go, informations, discuss about, I have seen him yesterday. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gba tàwọn tó ń sọ pé kéèyàn máa há ogún ọ̀rọ̀ tuntun sórí lójúmọ́. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá há sórí láìmọ àwọn tó ń bá a rìn, kò tíì di tiyín.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa iye ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ nílò, torí ibẹ̀ lẹ̀rù ti máa ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn. Lọ́dún 1953, Michael West tẹ àkójọ nǹkan bí 2,000 ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò jù lédè Gẹ̀ẹ́sì jáde. Lọ́dún 2013, àwọn onímọ̀ kan ṣe tuntun, wọ́n pè é ní New General Service List. Nǹkan bí 2,800 lọ̀rọ̀ inú rẹ̀, síbẹ̀ nínú 100 ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá kà nínú ìwé tí kì í ṣe tàwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀, ó lé ní 90 tó máa wà níbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wà á jáde, kẹ́ ẹ sàmì sí èyí tó dá yín lójú.

Ẹ máa rí i pé ẹ ti mọ púpọ̀ nínú wọn, àmọ́ ẹ má tíì yọ̀. Ẹ wo take. Ta ni ò mọ take? Take a photo, take notes, take a break, take place, take after: ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ niṣẹ́ tó ń ṣe nínú márààrún. She takes after her mother, ìyá rẹ̀ ló jọ. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Make àti do tún burú jùyẹn lọ fún àwa ọmọ Yorùbá, torí ṣe kan ṣoṣo ló ń bá wa ṣe gbogbo rẹ̀. A ń ṣe iṣẹ́, a ń ṣe àṣìṣe, a ń ṣe ìpinnu, a ń ṣe ìwádìí. Gẹ̀ẹ́sì pín in sí méjì: do the work, make a mistake, make a decision, do research. Kò sí òfin kan tẹ́ ẹ lè fi mọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àfi kẹ́ ẹ mọ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú èkejì rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, béèyàn ṣe ń mọ Táyé mọ Kẹ́hìndé.

Torí náà, ẹ wá ìwé kékeré kan tó lè wọ àpò. Fóònù náà ṣeé lò, àmọ́ ní tèmi, ohun tí mo bá fọwọ́ kọ ló máa ń pẹ́ lọ́kàn mi. Ojú ewé kan fún ọ̀rọ̀ kan. Ká ní reluctant lẹ bá pàdé lónìí. Ẹ kọ ọ́ sókè, kẹ́ ẹ fàlà sábẹ́ luc, torí ibẹ̀ lohùn ti ń rinlẹ̀. Ẹ da gbólóhùn tẹ́ ẹ ti rí i kọ bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ohun tó ń tẹ̀ lé e: reluctant to, ọ̀rọ̀ ìṣe á wá tẹ̀ lé to. Ẹ kọ àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ náà: reluctance, reluctantly. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni gbólóhùn tiyín máa wà, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ sí yín gan-an ni kó jẹ́: My brother was reluctant to lend me his charger. Tẹ́ ẹ bá kọ gbólóhùn tí kò kàn yín, irú èyí tó máa ń wà nínú ìwé ìdánwò, ẹ ti gbàgbé ẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́. Ìtumọ̀ Yorùbá ńkọ́? Ẹ kọ ọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́, àmọ́ kó kéré, kó sì wà létí ìwé. Mẹ́ta irú ẹ̀ lójúmọ́ ti tó.

Ní ti ohùn, etí wa yẹ kó gbè wá. Ẹni tó mọ̀ pé ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀, kò yẹ kó ṣòro fún un láti gbọ́ pé record tó jẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ, iwájú ló ti ń rinlẹ̀. Èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe, ẹ̀yìn ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni present àti object.

Ìwé atúmọ̀ èdè tẹ́ ẹ máa lò, ẹ rí i pé èyí tí wọ́n dìídì ṣe fáwọn tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni, tí wọ́n ń pè ní learner's dictionary. Ti Longman, látìgbà tó ti kọ́kọ́ jáde lọ́dún 1978, nǹkan bí 2,000 ọ̀rọ̀ tó rọrùn ni wọ́n fi ń ṣàlàyé gbogbo èyí tó kù. Èyí tí wọ́n ṣe fáwọn tó ni èdè, àlàyé rẹ̀ lè le ju ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ń wá lọ. Ẹ má sì kàn ka ìtumọ̀ kẹ́ ẹ pa á dé. Ẹ wo lẹ́tà kan ṣoṣo tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ: C ni èyí tó ṣeé kà ní ení èjì, U ni èyí tí kò ṣeé kà. Ká ní gbogbo èèyàn ń wo U yẹn ni, bírò mi ì bá máa pẹ́ kó tó tán. Information, advice, equipment, furniture, luggage, U ni gbogbo wọn; wọn kì í gba s. Ẹni tó bá fẹ́ kà wọ́n, piece of ló máa fi kà á: a piece of advice.

Ojú ewé tẹ́ ẹ kọ tán tẹ́ ẹ ò pa dà sí, òfò ni. Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì, fi ara rẹ̀ dán bí ìgbàgbé ṣe ń ṣiṣẹ́ wò, ó sì tẹ ohun tó rí jáde lọ́dún 1885: láàárín wákàtí díẹ̀ péré lèyí tó pọ̀ nínú ohun téèyàn kọ́ ti máa ń lọ, àmọ́ téèyàn bá ń pa dà sí i, tó ń fi àyè sáàárín, ó máa ń pẹ́ sí i kó tó lọ. Lọ́dún 1972, akọ̀ròyìn kan tó ń jẹ́ Sebastian Leitner sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ àpótí àti káàdì. Àpòòwé mẹ́ta ti tó fún yín. Ẹ kọ gbólóhùn tiyín sára káàdì, kẹ́ ẹ fi àlàfo síbi tí ọ̀rọ̀ náà wà. Ẹ̀yìn káàdì lẹ máa kọ ọ̀rọ̀ náà sí. Àpòòwé àkọ́kọ́, ojoojúmọ́ lẹ máa ṣí i. Ìkejì, lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ mẹ́ta. Ìkẹta, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ bá gbà, ẹ tì í síwájú. Èyí tẹ́ ẹ bá ṣì, kó pa dà sí àkọ́kọ́, ì báà jẹ́ ìkẹta ló ti wá. Àwọn tó fẹ́ràn fóònù lè fi Anki, ìyẹn ètò orí fóònù tó wà fún irú káàdì bẹ́ẹ̀, ṣe é, òun fúnra rẹ̀ ló máa bá yín ṣírò ọjọ́.

Gírámà wá ńkọ́? Mi ò ní ní kẹ́ ẹ ka ìwé gírámà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ máa kọ ìlà márùn-ún lálaalẹ́ nípa bọ́jọ́ ṣe lọ, kẹ́ ẹ wá fi odidi ọ̀sẹ̀ kan dọdẹ àṣìṣe kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Ẹ fojú fo ìyókù. S ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣe Yorùbá kì í yí pa dà: mo lọ, ó lọ, wọ́n lọ. Gẹ̀ẹ́sì ní I go, they go, àmọ́ she goes. Ẹ fìka tọ ọ̀rọ̀ ìṣe kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ bi í pé ta ló ni ín.

Àkókò ló kàn, òun ló sì lágídí jù. Àwa máa ń sọ pé mo ti rí i lánàá, Yorùbá ò sì rí àìdáa kankan ńbẹ̀. Tá a bá fẹ́ kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ti yẹn máa ń sáré gbé have wá, ó di I have seen him yesterday. Gẹ̀ẹ́sì ò gbà á. Tẹ́ ẹ bá ti lè dárúkọ àkókò tó ti kọjá tán, bíi yesterday, last week, in 2019, have gbọ́dọ̀ kúrò ńbẹ̀: I saw him yesterday. Tẹ́ ẹ ò bá dárúkọ àkókò, I have seen him dára lọ́tọ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn, gbogbo have tẹ́ ẹ bá kọ, ẹ wo gbólóhùn náà dópin bóyá àkókò kan ò fara pa mọ́ síbẹ̀.

Ẹ mú àwọn yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan. Discuss, request àti emphasise kì í gba about, for tàbí on tí wọ́n bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe: discuss the matter. Tí wọ́n bá di ọ̀rọ̀ orúkọ, ó yàtọ̀: a discussion about the matter, a request for help. A tàbí an, ohùn lẹ máa tẹ̀ lé, ẹ má wo lẹ́tà: an hour, a university. He àti she, tẹ́ ẹ bá ń sọ̀rọ̀ ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra, torí ó kan náà la ní fọ́kùnrin fóbìnrin, ahọ́n sì máa ń yára ju ọkàn lọ.

Nínú gbogbo ọgbọ́n tí mo mọ̀, ti Benjamin Franklin, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ni mi ò lè fi ṣeré. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, tó ń kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Boston, ó máa ń mú àpilẹ̀kọ tó wù ú nínú ìwé ìròyìn kan, á kọ kókó gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní ṣókí, á gbé e tì fún ọjọ́ mélòó kan, á wá fi ọ̀rọ̀ tiẹ̀ tún un kọ. Lẹ́yìn náà lá gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, á tún ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó ṣe. Ẹ̀yin náà lè ṣe é pẹ̀lú ìpínrọ̀ kan péré. Ká ní ohun tẹ́ ẹ kà nìyí: The bridge was closed on Monday after heavy rain damaged one of its pillars. Ẹ kọ kókó sílẹ̀: bridge, Monday, rain, pillar. Lọ́jọ́ kejì, ẹ tún un kọ láìwo ti àkọ́kọ́. Irú èyí tó máa ń dé ọ̀dọ̀ mi rèé: On Monday they close the bridge because big rain spoil one of it pillar. Ẹ fi wọ́n wéra. Òjò ńlá là ń pè é, àmọ́ heavy ló ń bá rain rìn; ìjì ni strong ń bá lọ, strong wind. Spoil ò bá òpó afárá mu, damage ni. Close àti spoil ò fi hàn pé ó ti kọjá. One of, ọ̀pọ̀ ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e: one of its pillars. They sì lọ pátápátá, torí kò sẹ́ni tó ń wá ẹni tó ti afárá. Was closed ti sọ ọ́. Gbólóhùn kan ṣoṣo rèé o, ẹ̀kọ́ márùn-ún ti jáde, àṣìṣe tiyín ló sì kọ́ yín.

Ẹ̀rọ tó ń tún Gẹ̀ẹ́sì ṣe náà wúlò, tẹ́ ẹ bá mọ ohun tẹ́ ẹ máa bi í. Ẹ má ní kó bá yín tún un kọ. Ẹ ní kó sọ ìlà tí àṣìṣe wà nìkan, kẹ́ ẹ fúnra yín wá a.

Ní ti gbígbọ́, rédíò Voice of America bẹ̀rẹ̀ ètò Special English lọ́dún 1959. Nǹkan bí 1,500 ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń lò nígbà yẹn, wọ́n sì máa ń rọra kà á. Lónìí, BBC Learning English wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ gbọ́ gbólóhùn kan, ẹ dá a dúró, ẹ sọ ọ́, kẹ́ ẹ gba ohùn yín sílẹ̀ sórí fóònù. V, z àti th ni kẹ́ ẹ tẹ́tí sí, torí Yorùbá ò ní wọn: van lè di fan, zip di sip, three di tree.

Ẹni tó ń múra yunifásítì, àkójọ míì wà tí Averil Coxhead gbé jáde lọ́dún 2000, Academic Word List, 570 agboolé ọ̀rọ̀ (ọ̀rọ̀ kan àtàwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ni agboolé kan) tó máa ń wọ́pọ̀ nínú ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé. Ẹ má fọwọ́ kàn án títí tẹ́ ẹ fi máa sàmì sí èyí tó pọ̀ jù nínú 2,800 ọ̀rọ̀ inú New General Service List yẹn. Tó bá yá, ojú ewé kan náà ló máa gbà: analyse sókè, analysis lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, analyse the results lábẹ́, gbólóhùn tiyín nísàlẹ̀.